Bèbí Tó Fẹ́ẹ̀ Pa Silas

Ọ̀rẹ́ mi, láti Ifẹ̀wàrà títí dé Òkè Baálẹ̀, tí o bá rí ẹni tó mọ ọmọláńgidi rán tó Silas, wá gé etí mi.

Fóònù ló ń tún ṣe jẹun ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, àmọ́ ara ọmọláńgidi ni ẹ̀mí ẹ̀ wà. Kì í tà wọ́n o. Ó kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Tó bá ti jókòó ti àkísà àti abẹ́rẹ́ ẹ̀, ìlú lè jóná, kò ní gbóòórùn èéfín. Àlejò kan kí ọ̀kan nínú wọn ní "ẹ káàsán mà," ó tún dúró kó dá òun lóhùn!

Àmọ́ ọkàn Silas ò balẹ̀. Tó bá rán ọ̀kan tán, inú ẹ̀ á dùn bí ẹni jọba. Kí tíì ẹ̀ tó tutù, ọ̀kan náà á ti sú u. Á jù ú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á tún wá aṣọ mìíràn gé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Phebe ìyàwó ẹ̀ á ní, "Dádì Shalom, ẹ jẹ́ ká lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bá mi kí Ọlọ́run. Sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà là ń ṣe: òun ń fi erùpẹ̀ ṣe tiẹ̀, èmi ń fi àkísà."

Ẹ̀gbọ́n Micah, káfíńtà tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra, á mi orí. "Silas, ohun tí ò ń wá ò sí nínú àkísà yẹn. Jésù lò ń wá, o ò mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ máa gbá ìṣó yín."

Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, èyí tó máa jọ Shalom, ọmọ ẹ̀ obìnrin, gẹ́lẹ́. Irun òwú ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Irun tó bá bọ́ sára kóòmù ọmọ náà ló ń ṣà jọ, tó ń rán mọ́ orí bèbí níkọ̀ọ̀kan.

Phebe figbe ta. "Irun orí ọmọ mi? Ẹ ò bẹ̀rù?"

Silas kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ọjọ́ kan, Phebe lọ wo ìyá ẹ̀ n'Íléṣà. "Dádì Shalom, ẹ má gbàgbé o, aago kan ni wọ́n ń jáde níléèwé."

"Mo ti gbọ́."

Aago kan lù, ojú bèbí ló ń rán lọ́wọ́. Ìgbà tó máa gbórí sókè, oòrùn ti yẹ̀. Ó sáré dé iléèwé. Àgádágodo ti wà lẹ́nu géètì. Shalom ò sí ńbẹ̀.

Silas fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ Òkè-Fìà, kò tiẹ̀ rántí gbé bèbí sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí ọmọdébìnrin kan? Bó ṣe rí nìyí!" Ó na bèbí sókè.

Ọlọ́kadà kan gbà á, ó fọwọ́ kan orí ẹ̀. "Yéè! Irun èèyàn ni! Ẹ wá o, gbọ́mọgbọ́mọ rèé!"

Kíá, gbogbo Òṣogbo ti pé. Ó kù díẹ̀ kí odò Ọ̀ṣun gan-an dìde wá wòran.

"Ọmọ mi ni mò ń wá!"

"Ọmọ ẹ? Irun wo ló dì lónìí?"

Silas tó mọ gbogbo irun orí bèbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ irun tí ọmọ ẹ̀ dì kúrò nílé láàárọ̀.

"Kò mọ̀ ọ́n! Ẹ lù ú!"

Wọ́n gbé pákó sókè. Àfi gbàgà! Micah ti já wọ àárín wọn, ó ti na ara ẹ̀ lé Silas lórí, èjìká ẹ̀ ni pákó bà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ó sì ń pariwo, "Ọmọ náà kí mi láàárọ̀! Pàtẹ́wọ́ ló dì! Ìlẹ̀kẹ̀ funfun ló wà lára irun ẹ̀! Bàbá ẹ̀ rèé!"

Ìyá Àpìkẹ́ oníbúrẹ́dì bá ń ti àwọn èèyàn, ó di Shalom lọ́wọ́ mú. "Ẹ sún! Ọmọ onípàtẹ́wọ́ rèé! Ó ní òun ń lọ sí ìsọ̀ dádì òun, mo ní kó jókòó tì mí kí mọ́tò má gbá a. Ó ti sùn lọ lábẹ́ agboòrùn mi."

Nígbà tí èrò túká, Silas ń nu ẹ̀jẹ̀ èjìká Micah nínú ìsọ̀ ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo jẹ̀bi. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gba pákó náà fún mi?"

"Pákó kan péré ni tèmi, Silas. Jésù ò jẹ̀bi nǹkan kan, wọ́n kàn án mọ́gi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi kú. Ó ti jíǹde báyìí. Òun lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn."

Silas wó lulẹ̀ láàárín pàǹtí pákó. Ó sunkún tó lè kún kànga mẹ́ta. "Jésù, mo gbéraga sí yín. Ẹ dárí jì mí. Ẹ gbà mí."

Ọkàn tí ò balẹ̀ rí bá balẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí Phebe ti Iléṣà dé, kò bá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Shalom ló bá lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Bóyá bọ́ọ̀lù lo fi ń tan ọkàn ẹ, bóyá ọtí, bóyá òwò. Ó ń sú ọ, o tún ń wá òmíràn. Ọ̀rẹ́, ìyà tó tọ́ sí ẹ, Ẹnìkan ti gbà á sára. Ó ń retí ẹ. Má tíì ká ìwé yìí sápò. Níbi tó o wà yẹn, pe orúkọ Jésù, kí o sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kí o tó dìde.