Ìka Méje Tí Corbin Nà Sókè

"Na ọwọ́ náà dáadáa, ọmọ. Rúlà kì í jẹ èèyàn," ni Ọ̀gbẹ́ni Verlin Stamper, tó wá yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò, wí.

Corbin Haugen la ìka rẹ̀ lórí tábìlì títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ síta. Oṣù méjì gbáko ló ti ń la ìka mọ́ agolo kọfí ńlá láràárọ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ yìí lè fẹ̀, tí ìyá rẹ̀ àgbà sì ń fi òróró gbígbóná wọ́ ọ fún un, gbogbo rẹ̀ nítorí ẹ̀rù rúlà. Àwọn tí ń yan kọ́tábákì, ìyẹn ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ti Amẹ́ríkà, fún ẹgbẹ́ ńláńlá ti gbà láàárín ara wọn pé ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù nínú òtútù, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó íǹṣì mẹ́sàn-án láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín.

"Mẹ́jọ, àti ìdá méje nínú mẹ́jọ," ni bàbá náà kà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n, sà. Mi ò tíì mí dáadáa."

"Ṣé ọwọ́ lo fi ń mí ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ròkè jù ni Marquell Tibbs, ọ̀rẹ́ Corbin. "Sà, ẹ má dá a lóhùn! Ọwọ́ ọmọ ìkókó ni wọ́n fi dá a. Tó bá fẹ́ jẹ hámbọ́gà, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun!"

Corbin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé yunifásítì kékeré tó wà ní Tamarack Forks ni wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan. Corbin ni kọ́tábákì, òun ní ń ju bọ́ọ̀lù. Marquell ní ń sáré lọ hán an. Ní ìparí oṣù kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun yóò jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò máa pe orúkọ àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n fẹ́, láti ìpele kìíní dé ìkeje. Gbogbo ìwé ìròyìn ló ní ìpele kejì ni wọn yóò ti pe Corbin. Ti Marquell ló dojú rú. Ọmọ náà ń sáré bí ìjì, bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ní oṣù kọkànlá. Wọ́n ní kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ kì í gba ẹ̀kọ́.

Corbin nìkan ló mọ ẹni tó ba bọ́ọ̀lù yẹn jẹ́.

Ọ̀já kan máa ń wà ní ọrùn ọwọ́ wọn nígbà ìdíje, káàdì sì wà nínú ọ̀já náà. Tí ariwo èrò bá pọ̀, Corbin á fi ìka sọ nọ́ńbà, Marquell á wo káàdì tirẹ̀, á sì mọ ibi tí yóò sáré gbà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kóòṣì ń pààrọ̀ káàdì náà kí àwọn alátakò má baà já a. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje àṣekágbá, Corbin gbá bọ́ọ̀lù débi pé wọ́n gbé e lé èjìká, ló bá gbà pé oríire ń bẹ nínú ọ̀já tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Haugen rọra fi ọ̀já àtijọ́, tòun ti káàdì àtijọ́, wọ pápá lọ. Ó ní nọ́ńbà méjì péré ló yí padà, òun sì ti há wọn sórí. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà!

Ó ku ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ayò kan ṣoṣo ni wọ́n nílò. Ariwo ń dà bọ̀ láti òkè. Corbin wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó na ìka méje sókè sí Marquell. Lórí káàdì àtijọ́, méje ni kí ó sáré lọ sí igun pápá. Lórí káàdì tuntun, méje ni kí ó yà sí àárín. Mẹ́rin ló ti wá di igun pápá. Marquell wo káàdì tirẹ̀, ó sì yà sí àárín bó ṣe yẹ. Bọ́ọ̀lù Corbin fò lọ sí igun, níbi tí ọmọ alátakò kan dá dúró sí bí ẹni tí ń retí lẹ́tà. Ó hán an báyìí, ó tán.

"Ìka mẹ́rin lo fi hàn án, àbí?" ni kóòṣì bi Corbin lẹ́yìn ìdíje.

Corbin wo ọ̀já ọwọ́ rẹ̀, ó rí àṣìṣe rẹ̀. Ló bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò la ẹnu rárá o. Orí tó mì lẹ́ẹ̀kan péré ló kó Marquell sínú ẹ̀gàn.

Èyí tó wá dun Corbin jù ni pé Marquell kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbà pé ojú òun ló tan òun jẹ. "Méje ni mo rí, Corby. Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?" Ó tilẹ̀ lọ bá dókítà ojú, dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí kò ń kà lẹ́ẹ̀mẹta. Tí wọ́n bá lọ jẹun níta, á ka orúkọ oúnjẹ títí ebi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọn ọwọ́ yìí gan-an, Corbin ti jẹ́wọ́ fún aṣojú tó ń bá a wá ẹgbẹ́, Gavin Prokop, níbi tí wọ́n ti ń jẹ páńkéèkì.

"Mi ò gbọ́," ni Prokop wí, ó fi ìka di etí méjèèjì. Oyin ń kán sórí táì rẹ̀, kò mọ̀.

"Mo ní èmi ni mo—"

"Mo ní mi ò gbọ́! Wò ó, ọmọ dáadáa. Tí wọ́n bá bi ọ́ nípa bọ́ọ̀lù yẹn, rẹ́rìn-ín músẹ́, kí o ní, 'Ẹgbẹ́ kan ni wá, ẹ̀bi gbogbo wa ni.' Irọ́ wo ló wà ńbẹ̀? Ìpele kejì lo wà, Corbin! Ta ní í fi ọwọ́ ara rẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí gààrí ara rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Corbin há a sórí bí ẹni há orin ìjọ sórí.

Nígbà tí wọ́n wọn ọwọ́ tán, tí wọ́n sáré, tí wọ́n fò, Ọ̀gbẹ́ni Stamper pè é wọ yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì. Àádọ́rin ọdún ń lọ lórí bàbá náà. Ó ti ń yẹ kọ́tábákì wò láti ìgbà tí bàbá Corbin ti wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ó tan fídíò. Bọ́ọ̀lù oṣù kọkànlá ni.

"Kọ́tábákì mẹ́fà ni mo ti rí lọ́dún yìí," ni bàbá náà wí. "Bọ́ọ̀lù tó burú jù ni mo ń fi han oníkálukú, mo sì ń bi í pé ẹ̀bi ta ni. Ọ̀kan ní afẹ́fẹ́ ni. Inú ilé ni wọ́n ti gbá a. Ọ̀kan ní oòrùn ló wọ òun lójú. Alẹ́ ni wọ́n gbá a. Ó wá kàn ọ́. Ẹ̀bi ta ni?"

"Ẹgbẹ́ kan ni wá, sà…" ni Corbin bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí Prokop ṣe kọ́ ọ.

Ojú rẹ̀ bá bọ́ sí fèrèsé. Marquell jókòó síta, ó ń dúró kí wọ́n pe òun náà. Káàdì oṣù kọkànlá wà lórí itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó kà á, ó gbójú sókè, ó tún kà á.

Corbin gbé ojú kúrò ní fèrèsé. Ó fa àpò rẹ̀ mọ́ra, ó yọ ọ̀já àtijọ́ jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tó fi pa mọ́ sí láti ìgbà náà, ó sì gbé e sórí tábìlì. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Méje ni mo fi hàn án. Èmi ni mo wọ káàdì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun ló ṣe é bó ṣe yẹ." Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí tó mì.

Bàbá náà pa fídíò. "O mọ̀ pé o ti já ara rẹ sílẹ̀ báyìí?"

"Mo mọ̀, sà."

"O ti sọ fún un?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìta.

"Rárá, sà."

"Kí lo wá ń sọ fún mi sí? Ṣé èmi ni wọ́n ń bú láti oṣù mẹ́rin? Dìde níbẹ̀!"

Corbin jáde. Ó na ọ̀já náà sí Marquell, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Marquell kọ́kọ́ gbé káàdì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n pẹ́.

"Méje ni mo rí."

"Méje lo rí."

"Mo lọ bá dókítà ojú, Corbin!" Omi lé sí ojú ọmọkùnrin náà. "Ìwọ lo gbé mi lọ! Ìwọ lo wakọ̀!"

Ní ìrọ̀lẹ́, Marquell gbé ìbùsùn rẹ̀ kúrò ní yàrá wọn.

Corbin lọ sọ fún kóòṣì. Ó tún lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò ìlú, níbi tí wọ́n ti ń fi Marquell ṣẹ̀fẹ̀ láti ìgbà ìdíje náà, ó sọ ọ́ fún ayé gbọ́. Áà, ojú rẹ̀ rí màbo! Ọmọbìnrin tó ń ta kọfí kọ "Mẹ́rin àbí méje?" sára ife rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e kúrò ní ìpele kejì, wọ́n gbé e sí ìkẹrin, nígbà tó yá wọn ò gbé e síbì kankan. Prokop pè é lórí fóònù, ó mí kanlẹ̀, ó pa fóònù.

"Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà," ni Solveig, ìyá rẹ̀ àgbà, wí fún un nílé. "Àmọ́ kì í bà jẹ́ lórí àtẹ. Jẹ lefse rẹ kí búrẹ́dì ọ̀dùnkún náà tó tutù."

Nígbà tí ọjọ́ yíyan àwọn agbábọ́ọ̀lù dé, ẹbí péjọ sí ilé oko àwọn Haugen, Prokop náà sì wá. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, kò sẹ́ni tó pe Corbin. Bàbá rẹ̀ ń jáde lọ wo katakata tí kò bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ní ìpele kẹrin, wọ́n ka orúkọ kan lórí tẹlifíṣọ̀n: Marquell Tibbs! Corbin fò sókè, orí rẹ̀ kan gílóòbù iná. Ìyá àgbà jó títí aṣọ ìborí rẹ̀ fi bọ́. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, fóònù dún.

"Ọlọ́wọ́ kékeré," ni ohùn kan wí. Ó ti tó oṣù kan tí Corbin ti gbọ́ ohùn náà kẹ́yìn. "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

"Wọn ò tíì pè mí. Kú oríire, Marquell. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gílóòbù."

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ o."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kúrò lórí fóònù, òmùgọ̀, kí wọ́n lè ráyè pè ọ́!"

Ìpele karùn-ún lọ. Ìkẹfà lọ. Oúnjẹ tutù. Prokop ti sùn lọ sórí àga pẹ̀lú fóònù méjì láyà. Ìpele keje kù díẹ̀ kó parí nígbà tí fóònù Corbin dún, ohùn arúgbó kan sì jáde.

"Stamper nìyí. A ń bọ̀ wá ka orúkọ rẹ. Ṣé kí n ka ohun tí mo kọ nípa rẹ fún ọ? 'Ọwọ́: kéré. Eré sísá: bíi ti màlúù. Káàdì: kí ẹnìkan máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu: ẹ lè gbà á gbọ́.' Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fi bá wọn jà láti àárọ̀."

Corbin fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. "Ẹ ṣé, sà. Òtítọ́ tí mo sọ ló gbé mi dé ìkeje, mo mọ̀…"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni bàbá náà ké mọ́ ọn. "Ká ní o sọ ọ́ ní oṣù kọkànlá, ìpele kejì ni ǹ bá ti pè ọ́. Ta ni kì í ju bọ́ọ̀lù burúkú? Oṣù mẹ́rin tí o fi dákẹ́ ló jẹ ìpele márùn-ún mọ́ ọ lọ́wọ́. Tún káàdì rẹ kà kí o tó wá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ fi í sọ́kàn: àṣìṣe kò pa ẹnikẹ́ni, pípa á mọ́ ló ń pani. Ẹni tó bá jẹ̀bi, kó tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá a ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ilé oko ti dà rú fún ayọ̀, Prokop ń pariwo pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Corbin jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó gbé fóònù ti igi kan kó lè ya àwòrán fúnra rẹ̀, ó na ìka méje sókè, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Marquell láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Kò pẹ́ rárá, kò tó àkókò tí èèyàn fi lè wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, tí èsì fi wọlé.

"Mo rí méje."