Ó Ní Bàbá Òun Ti Kú

Ọlágòkè Adéyanjú kò mu ọtí rí láyé rẹ̀. Kò mu sìgá, kò tẹ̀ lé obìnrin kiri, kò sì sí ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n máa wá a tì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ Kátólíìkì kan ní àdúgbò Lotto, ní Mowe. Bí ìyá kan bá ń bá ọmọ rẹ̀ wí ládùúgbò náà, á ní, "Ṣé o ò rí Ọlágòkè ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀mùtí wà nínú ìtàn yìí o. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Bàbá Ọlágòkè ni ọ̀mùtí náà. Fẹ̀hìntọlá ni orúkọ rẹ̀, wẹ́dà ni, ó ń jó irin ní Àgbàdo lẹ́bàá ojú irin rélùwéè. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọtí ló fi rọ́pò rẹ̀. Kì í na ẹnikẹ́ni, kì í pariwo. Ńṣe ni yóò kàn mu títí tí oorun yóò fi gbé e níbi tó bá wà. Àbúrò ìyá àwọn ọmọ ló wá kó Ọlágòkè àti Ọmọ́títí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, lọ sí Mowe, tí ó tọ́ wọn dàgbà. Ọmọ́títí lọ́kọ sí Ifọ̀, ó sì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní Àgbàdo. Ọlágòkè kì í lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń jáde Mísà, bàbá yìí wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó ti mu. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti já, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń pè, "Gòkè! Gòkè ọmọ mi dà?" Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ọlágòkè dúró láàárín àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Bọ̀dá Gòkè, ṣé ẹ mọ bàbá yìí ni?"

"Rárá o," ni ó wí. "Ẹ bá wọn pe ọ̀kadà, kó gbé wọn lọ."

Bàbá náà gbọ́. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò sì pè é mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan ń wá ọ̀dọ́ tí yóò lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ Áyálándì, tí yóò máa bá àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbàdúrà, tí yóò sì máa kọ́ wọn ní ọ̀nà Olúwa. Ta ni ìjọ ìbá tún fà kalẹ̀ bí kò ṣe Ọlágòkè? Fada pè é jókòó, ó ń bi í nípa ẹbí rẹ̀.

"Màmá mi ti ṣaláìsí, Fada."

"Bàbá ńkọ́?"

Ọlágòkè tẹ orí ba. Ẹ̀rín àwọn ọmọdé ọjọ́ náà ṣì ń dún ní etí rẹ̀. "Àwọn náà ti kú, Fada."

Fada dìde, ó gbá a mọ́ra. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, ó sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹ wo ọmọ òrukàn tí Ọlọ́run gbé sókè. Àwọn ìyá ìjọ nu omijé nù. Irọ́ náà ti dàgbà ju ẹni tó bí i lọ.

Kí ó tó rìnrìn àjò, Ọmọ́títí wá láti Ifọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ dé Àgbàdo. Ẹ kàn yọjú sí wọn. Wọn ò bèèrè nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ gbé ọwọ́ lé yín lórí, kí wọ́n ṣàdúrà fún yín ni."

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tí ọtí ti sọ di gbígbọ̀n yẹn?"

"Bàbá wa ṣáà ni wọ́n."

"Bàbá tìẹ ni."

Ó wọ ọkọ̀ òfurufú láìdé Àgbàdo.

Etí òkun ni ilé tí wọ́n fi í wọ̀ ní Áyálándì wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń wá ṣe ìpàgọ́ àdúrà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí à ń sọ nílé pé ọyẹ́ mú. Ó ń wọ inú eegun. Kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Òjò wọn kì í rọ̀ kó sì dá, ńṣe ló ń sẹ̀ wẹ́wẹ́ láti àárọ̀. Wọ́n jẹ pòtétò lónìí, wọ́n tún jẹ ẹ́ lọ́la, kò sì sí ata tó lórúkọ níbẹ̀. Bí ó bá kí ẹni tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹni náà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì kọjá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn arúgbó díẹ̀ ló jókòó káàkiri, àga tó kù ṣófo.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ó tìtorí wọn lọ kò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Wọ́n ń fi bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó wù ú kó padà wálé.

Dáníẹ́lì, ọ̀dọ́mọkùnrin Áyálándì kan tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá, ló ràn án lọ́wọ́. Ó fún un ní kóòtù rẹ̀. Ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Ó ní kó máa bá àwọn ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù ná kí ó tó ṣí Bíbélì. Dáníẹ́lì kì í fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé egbòogi olóró ló ti fẹ́ pa òun kí Jésù tó gba òun là. Ọlágòkè fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń dúpẹ́ pé òun kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù Kọkànlá dé, oṣù tí àwọn Kátólíìkì máa ń gbàdúrà fún àwọn òkú. Wọ́n kó ara wọn jọ nínú ilé àdúrà, oníkálukú ń tan àbẹ́là, ó ń dárúkọ òkú rẹ̀. Ó kan Ọlágòkè. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n àlùfáà ibẹ̀ ti gbọ́ láti Mowe, ó fi ìyọ́nú sọ pé, "Àti bàbá rẹ."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó mú àbẹ́là mìíràn. "Fẹ̀hìntọlá Adéyanjú," ni ó wí.

"Fún un ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, Olúwa," ni gbogbo wọn dáhùn.

Ní wákàtí yẹn gan-an, bàbá rẹ̀ wà láàyè ní Àgbàdo, ó ń mí. Dáníẹ́lì fi ọwọ́ bà á léjìká, ó ní, "Láti òní lọ, ojoojúmọ́ ni màá máa gbàdúrà fún bàbá rẹ." Ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni Ọlágòkè ń gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń di ojú bí ẹni tó ń ṣe àmín.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, Ọmọ́títí pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ti jáwọ́ nínú ọtí. Ó ti tó oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́, ara wọn ti ń wú. Mo ti gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ifọ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn yín."

"Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lónìí. Ọwọ́ mi dí."

Ọmọ́títí ní, "Kí àìsàn yìí tó dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Mowe. Wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ bùbá funfun tí mo rà fún wọn. Wọ́n sọ fún katikíìsì tó ń kọ́ni nínú ìjọ yín pé àwọn ni bàbá Ọlágòkè, pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà lẹ wà. Katikíìsì ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní bàbá Ọlágòkè ti kú, pé ìjọ ti ṣe Mísà fún un. Wọ́n jókòó sí etí títì márosẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún wọn pé bàbá wa ti kú?"

Ọlágòkè pa fóònù.

Ìwọ tí ò ń kà á, o lè rò pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Kò yí. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ lórí ìfẹ́. Bí ọkàn ènìyàn ṣe le tó nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ń gbé inú ilé àdúrà.

Ìpè tó tẹ̀ lé e kò gùn. Ọmọ́títí ló tún pè.

"Wọ́n ti lọ, lánàá. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn gbọ́ pé òtútù pọ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn."

Inú ilé ìdáná ni Ọlágòkè wà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń bó pòtétò pẹ̀lú Dáníẹ́lì. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó figbe ta.

"Kí ló dé?" ni Dáníẹ́lì bi í.

"Bàbá mi kú."

Dáníẹ́lì kúnlẹ̀ tì í. "Mo mọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀fọ̀ a máa padà ṣẹni bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn."

"O ò mọ̀. Àná ni wọ́n kú. Àná!"

Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé orí àbẹ́là. Kò lè ní kí wọ́n bá òun ṣọ̀fọ̀, wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ tán. Dáníẹ́lì kò bú u.

"Pétérù náà wà nídìí iná, ó ń yá a, nígbà tí ó sọ pé òun kò mọ Olúwa rẹ̀ rí."

"Pétérù rí Jésù lẹ́yìn náà. Ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí mọ́. Ta ni màá bẹ̀?"

"N kò ní purọ́ fún ọ," ni Dáníẹ́lì wí. "Ohun tó bàjẹ́ yìí, o ò lè tún un ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí o fi orúkọ rẹ̀ bo irọ́ yìí mọ́lẹ̀ wà níhìn-ín, òun gan-an lo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Èmi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́gbin, nítorí gbogbo ayé rí ẹ̀gbin mi. Ìwọ kò tíì wá rí, Gòkè. Olórí ọ̀dọ́ ló máa ń wá. Jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ wá lónìí."

Ọlágòkè dojú bolẹ̀ láàárín èèpo pòtétò. Kò gba àdúrà tó dùn ún gbọ́, irú èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. "Jésù, apààyàn ni mí. Ṣàánú mi," ni ó ń wí léraléra. Ó dìde, ó lọ bá àlùfáà, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì gba ìdáríjì Ọlọ́run. Àlàáfíà wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún kò tán.

Kò lè wálé fún ìsìnkú. Ọmọ́títí gbé fóònù sún mọ́ ibojì ní Ifọ̀, òun náà sì ń gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń da erùpẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọdún náà pé, ó padà sí Mowe, ó dúró níwájú ìjọ, ó sọ òtítọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jiyàn. Katikíìsì sunkún bí ọmọdé, nítorí òun ló lé bàbá náà lọ. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Ifọ̀. Ọmọ́títí mú wọn dé ojú oórì, ó fún wọn lómi mu. Ọlágòkè dọ̀bálẹ̀ fún un, àbúrò rẹ̀ tí ó máa ń kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Ọmọ́títí wí. "Mo ti gbọ́. Ẹ fún mi láyè ná." Títí di òní, ó ṣì ń bá ìrora náà jà, Ọlágòkè sì ń fi sùúrù dúró dè é.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kì í mu ọtí. Bóyá o ní àga tìrẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ rẹ bá ọmọ wọn wí. Ta ni o ti sọ di òkú nínú ọkàn rẹ? Bàbá ni, àbí ìyá? Ọkọ tàbí aya tí ẹ jọ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà?

Má gbójú lé iṣẹ́ tí ò ń ṣe fún Ọlọ́run. Kò lè wẹ ọkàn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù Krístì nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́, ó sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá wá bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Níbi tí o jókòó sí yìí, pè é. Sọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un, má ṣe bò ó. Kò ní tì ọ́ jáde.

Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni náà nígbà tí ó ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ. Ọlágòkè rí ìdáríjì gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń lọ jókòó lójú oórì ní Ifọ̀, tí yóò máa pe, "Bàbá mi," tí ẹnikẹ́ni kò sì ní dá a lóhùn.