Orúkọ Kejìlá

"Ọmọ méjìlá ló wà nínú ìwé mi," ni Ìyáàfin Tukummeq wí, ó sì tún fi ojú ka àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀. "Mọ́kànlá ni mo rí. Ta ni kò wá?"

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú. Tíṣà Hansigne, tó mọ ìdáhùn yẹn dáadáa, yíjú sí fèrèsé bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Gbogbo ìletò ló kúkú mọ̀ ọ́n. Ilé mẹ́tàdínlógún péré, ta ni kò mọ ọmọ ta? Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà Bolette ti bẹ̀ wọ́n láti ilé dé ilé pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ-ọmọ òun, Salik, fún obìnrin tó ń bọ̀ láti Nuuk, olú ìlú wọn, wá ṣètò ilé ẹ̀kọ́. Ta ló fẹ́ wo ojú ìyá yẹn kó sọ pé rárá?

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá náà ní ìdí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ìjọba kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ sí Denmark, ilẹ̀ tó ń ṣàkóso wọn, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Nígbà tó fi padà dé, kò gbọ́ èdè ìyá tó bí i mọ́. Salik náà ti pé ọdún méje báyìí. Àìsàn etí ti bá a jà láti kékeré, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lójú Ìyá àgbà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lọ.

Ojú gbogbo kíláàsì wá kan Nivi, ẹ̀gbọ́n Salik, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

"Salik, àbúrò mi, ni," ló wí. "Ó ti lọ bá màmá wa nílùú, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ẹja. Kò sí níbí mọ́."

Irọ́ gbáà ni. Aqqalu tó jókòó tì í fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. "Ojú ẹ ò tiẹ̀ ṣẹ́," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Pa ẹnu ẹ dé."

Ìyáàfin Tukummeq fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ Salik. Kò bínú rárá. "Ó dáa tí mo tètè mọ̀," ló wí. "Ìwé yìí la ó fi ṣètò ẹ̀kọ́ fún ọdún márùn-ún. Mo ti ya olùkọ́ kan sọ́tọ̀ tó máa wá gbé níbí nítorí rẹ̀, torí ìwé ti sọ pé etí rẹ̀ di, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìletò míì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn ni a ó gbé e fún."

Nivi dìde dúró. "Àǹtí, ṣé ibí ni olùkọ́ yẹn ì bá wá?"

"Ibí ni kẹ̀. Ta ló tún fẹ́ máa kó ọmọ kiri?"

Nígbà tí Nivi délé, Ìyá àgbà ń gé ẹja tí wọ́n fẹ́ sá. Salik jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó dorí ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kodò, ó ń mi ètè láìsí ohùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí Nivi tó bá ń kàwé.

"Wọ́n béèrè ẹ̀?" ni Ìyá àgbà bi í.

"Wọ́n béèrè. Mo purọ́ fún wọn."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ọpẹ́ yẹn kò ṣe é gbà. Nivi sọ fún un nípa olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé wá. Ìyá àgbà mi orí. "Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ìyá tèmi náà nìyẹn."

"Ìyá àgbà, tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ọdún márùn-ún ni wọ́n sọ o. Ọmọ ọdún méjìlá ni Salik máa jẹ́."

Ìyá àgbà padà sídìí ẹja rẹ̀. Nivi di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, wọ́n sáré gba èbúté lọ. Kùrukùru ti ń bo orí omi, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ojú omi tó máa gbé Ìyáàfin Tukummeq padà kò ní fẹ́ kó bá òun láàárín àwọn òkè yìnyín tó ń léfòó. Nígbà tí wọ́n fi dé èbúté, ó ti tú okùn ọkọ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ dúró," ni Nivi wí, èémí ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. "Mo purọ́ fún yín. Salik rèé."

Ìyáàfin Tukummeq wo ọmọ náà. Àmọ́ ẹ̀yìn obìnrin náà ni ojú Salik wà, lórí omi. Ó gbé ìkúùkù sókè, ó rọra na ìka kan jáde. Báyìí ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí ẹran má baà gbọ́: séálì, ẹran inú omi tí wọ́n ń dọdẹ, ti yọrí. Ìyáàfin Tukummeq kò wẹ̀yìn wò. Ó kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀: má mira. Ẹnu ya Salik, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọdẹ ni bàbá mi," ni obìnrin náà wí. "Ọmọ yìí ti ní èdè lọ́wọ́. Olùkọ́ ló kù."

Ìgbà náà ni Ìyá àgbà dé, ọ̀bẹ ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ rọra," ni awakọ̀ wí. "Ọkọ̀ ni mo ń wà o, mi ò kó ọmọ ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ máa gbé e lọ?" ni Ìyá àgbà bi Ìyáàfin Tukummeq.

"Rárá, Màmá. Olùkọ́ ni ọkọ̀ máa gbé wá. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ padà, èmi á fọwọ́ sí i. Ìletò kejì yẹn náà, mo máa wá olùkọ́ tiwọn." Ó yíjú sí Nivi. "Ìwọ, díẹ̀ ló kù kí o fi ẹnu ara ẹ gba olùkọ́ lọ́wọ́ àbúrò ẹ."

Ojú ti Nivi, ara sì tù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti wá yé e pé ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé Salik pamọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá fi pamọ́, kò sí ẹni tó lè ṣètò fún un.

Ìyá àgbà gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó gba bírò. Lábẹ́ ìlà pupa yẹn, ó kọ Salik gàdàgbà, ó tóbi ju orúkọ mọ́kànlá tó kù lọ.

"Kò burú bó ṣe tóbi," ló wí. "Kí wọ́n lè rí i láti Nuuk."