Òkè Tí Bàbá Mi Fi Ìkíni Gùn

"Ẹ kú ìgòkè o! Ara ò le bí? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bàbá mi ti tún dúró. A ò tíì gun òkè náà dé ìdajì, wọ́n ti kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà, títí kan ọkùnrin kan tó ń wá fìlà rẹ̀ nínú igbó. Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi. Ẹnu wọn kì í dákẹ́ tí ọwọ́ wọn bá ń ṣiṣẹ́. Àṣé tí ẹsẹ̀ wọn bá ń ṣiṣẹ́ náà, kò yàtọ̀.

Òfin ìdíje ilé ẹ̀kọ́ wa ò ṣòro: akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àgbà kan láti ilé rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ kan àpáta tó wà lókè kí agogo ọ̀sán tó dún. Ẹni tó bá ṣe é ló máa wọ ẹgbẹ́ tó ń lọ gun òkè ńlá ìlú kejì nígbà ìsinmi. Mo fẹ́ lọ débi pé mo ń lá a lálàá.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

"Ìyá mi, òkè ò ní sá lọ. Ṣé ká kàn máa kọjá lára èèyàn bí ewúrẹ́ ni? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kì í bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ agogo ò mọ ẹ̀sọ̀.

Ibẹ̀ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ti bá wa. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá, àgbà méjì ni mo ní. Tẹ̀ lé wa, kó o sọ pé ẹ̀gbọ́n tìẹ ni. Ta ló máa mọ̀?"

Ká sòótọ́, ọkàn mi fà sí i gan-an. Mo wo òkè, mo wo bàbá mi. Wọ́n ń bá ìyá àgbà kan tú okùn bàtà rẹ̀ tó ta kókó, wọ́n sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù wọn ti rin gbingbin fún òógùn. Ọjọ́ Sátidé ni oníbàárà máa ń pọ̀ jù, síbẹ̀ wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí mi.

"Ẹ máa lọ," mo sọ fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Bàbá mi ni mo bá wá."

"O máa kábàámọ̀ o!"

Mo sì kábàámọ̀ lóòótọ́. A ti ń wo àpáta náà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí agogo dún. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Bàbá mi jókòó tì mí, wọ́n fi etí ẹ̀wù wọn nu omijé mi.

"Èmi ni mo fà á," wọ́n wí. "Má bínú, ìyá mi."

Wọ́n fà mí dìde. A gun èyí tó kù, a dé ibi àpáta náà nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àfi bí bàbá mi ṣe tẹrí ba fún un: "Àgbà àpáta, ẹ kú ìdúró o!" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Kí ọdún tó yí po, àrùn oríkèé ti mú orúnkún wọn, wọn ò lè gun òkè mọ́. Àbúrò màmá mi ló bá mi lọ síbi ìdíje ọdún kejì. A ò kí ẹnikẹ́ni. A débẹ̀ kí agogo tó dún, mo sì wọ ẹgbẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí ní ohun tí mo rí lọ́nà lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ. Ṣùgbọ́n ọdún tí a pàdánù yẹn, mo ṣì ń gbóòórùn páúdà tó wà lọ́rùn ẹ̀wù bàbá mi, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá àgbà yẹn, àárò ọjọ́ náà sì ń sọ mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ọdọọdún ni ìdíje ń padà wá. Orúnkún bàbá ẹni kì í padà. Ẹ bá àwọn òbí yín rìn nígbà tí wọ́n ṣì lè rìn.