Ilé Tí Wọ́n Kùn De Ìgbìmọ̀

Láyé ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ àwọn ọlọ́lá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ pinnu bóyá kí wọ́n fi òfin dín bí owó orí ilé ṣe ń ga lọ́dọọdún kù, Bíríkìlà jí ní kùtùkùtù, ó sì kun ilé rẹ̀ ní funfun báláú.

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ pé apá òun ò ká a mọ́! Ọdún mẹ́ta gbáko ni owó orí ilé rẹ̀ ti ń ga. Bó bá tún ga díẹ̀ sí i, kó tà á ló kù.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé báyìí lèèyàn ṣe ń fi ìṣẹ́ hàn?”

“Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Kí ìgbìmọ̀ fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà wa, kí wọ́n wá bá ògiri tó ń ṣí? Ojú ò ní gbà mí tì?”

Gbogbo onílé òpópónà ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà gan-an ló rẹ́ ilé ìdajì wọn. Àwọn agbéraga tí ò ní kọ́bọ̀ lápò!

Ìgbìmọ̀ dé. Aṣọ àrán ń wọ́ nílẹ̀, bọ́tìnnì wúrà ń kọ mọ̀nà, ikùn ṣíwájú olúwa rẹ̀. Wọn ò wọlé ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kàn ń wo ògiri, ó ń kọ̀wé.

Nínú gbọ̀ngàn, Bíríkìlà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ń bọ́ lọ.”

Alága yán, kò tilẹ̀ bo ẹnu. “Ilé wo? Èyí tó ń dán yanran yẹn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, kí wọ́n lè tètè lọ jẹun ọ̀sán, wọ́n fọwọ́ sí i: owó orí ilé kankan ò gbọdọ̀ ga sí i ju ṣílè kan lọ lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí akọ̀wé bá dá lé e lọ́jọ́ náà. Àwọn onílé hó yèè, wọ́n gbé Bíríkìlà sọ́rùn. Kò sẹ́ni tó béèrè pé èló ni akọ̀wé kọ.

Lóṣù kejì, ìwé dé. Owó orí ilé rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ìyàwó rẹ̀ ò bú u. Ó kàn ń di ẹrù. Bíríkìlà jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Akọ̀wé ló ra ilé náà. Títí tó fi kú, owó orí ilé náà ò ga sí i ju ṣílè kan lọ lọ́dún, ó sì máa ń yin òfin náà níbi gbogbo. Ó fún Bíríkìlà ní yàrá ẹ̀yìn láti háyà. Owó yàrá yẹn ń ga nígbàkígbà tó bá wu onílé, torí òfin ò dárúkọ ayálégbé.