Ta Ló Ya Abẹ́rẹ́ Sójú Títì?

Ilé kọfí mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú Pian Sorda ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń bàjẹ́. Wilma ni orúkọ mi. Ara ògiri mi ni Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Loris Fontanive ń gbé fọ́tò ọmọ ìlú wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje náà kọ́ sí, láti ìgbà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ àyálò títí dé ọjọ́ tó wọ ẹ̀wù aṣíwájú ìdíje. Bí Loris bá ti borí nínú ìdíje, Fadá Ermes á lu agogo ìjọ, èmi náà á sì bu wáìnì fún gbogbo ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, agogo ò sinmi, àgbá wáìnì mi náà ò sinmi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ìdíje ńlá máa gba orí òkè wa kọjá lọ́jọ́ Àìkú, Tranquillo tó ń ta wàràkàṣì já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sójú títì!"

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n ya abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ dókítà, pupa fòò, ó gùn tó mọ́tò mi, lábẹ́ orúkọ Loris gan-an!"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá fẹ́ràn la máa ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sójú ọ̀nà òkè, kó lè rí i níbi tí ẹsẹ̀ bá ti ń ro ó jù. Attilio, bàbá Loris, ló máa ń kọ ti ọmọ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì náà.

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni," Tranquillo wí. "Ìlara ló ń pa wọ́n. Ìgbà wo ni wọ́n bí eléré kan rí, yàtọ̀ sí àwọn tó ń sá gbèsè?"

Gildo, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n bá ti dé òkè, ẹ̀yìn ni Loris máa ń wà. Lọ́dún yìí, ó ń gun òkè bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, kò tiẹ̀ la ẹnu mí. Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni?"

"Gildo, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Tranquillo jágbe. "Ṣé wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni? Ìwọ̀n àádọ́ta ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá, kò sì kọjá ẹ̀ rí. Ó yege!"

"Ó yege!" ni gbogbo ilé hó. Èmi náà hó pẹ̀lú wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìwà òmùgọ̀ wa wà. Nígbà yẹn, kò tíì sí àyẹ̀wò tó lè mú oògùn tí àwọn eléré kan ń gún sára kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè pọ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò ní gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwa wá sọ òdiwọ̀n eré di ẹ̀rí pé ara ẹni le.

Attilio jókòó sí kọ̀rọ̀. Kọfí rẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti nu tábìlì rẹ̀, mo rí bàtà rẹ̀. Ọ̀dà pupa ti ta sí i nímú.

"Bàbá Loris," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé àpótí kan ní kíṣìnì."

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn, mo nawọ́ sí bàtà náà. Àgbà ọkùnrin náà fara ti ògiri.

"Wilma, ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ mi á kú sójú oorun."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!"

"Mo rí àwọn ìgò kéékèèké lẹ́yìn wàràkàṣì nínú fíríìjì. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé dókítà ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ wọn ló fún un, pé ṣé dókítà á máa pani ni. Bí Loris bá fẹ́ sùn, ó máa ń de ẹ̀rọ kan mọ́ àyà. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń lù díẹ̀díẹ̀ jù, ẹ̀rọ náà á ké, òun á sì fò dìde, á máa wa kẹ̀kẹ́ lójú kan nínú yàrá kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ṣàn. Ṣé èèyàn tí ara rẹ̀ dá nìyẹn? O rántí Joost, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, tó wá jẹun nílé wa? Nígbà òtútù tó kọjá, ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, kò jí mọ́. Látìgbà yẹn ni mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Loris, tí mò ń fetí sí mímí rẹ̀."

"Ẹ ò wá bá a sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́ títí. Ó ní kí n má ba ayé òun jẹ́. Mo rò pé bó bá rí i lójú títì, níbi tí mo ti ń kọ orúkọ rẹ̀, ojú á tì í, á jáwọ́."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ó wà nílé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú láti àná. Ìyá rẹ̀ ń fi ọtí líle ra á fún un. Ọ̀sán yìí ni mọ́tò ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá gbé e."

N kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú yẹn kò dùn mọ́ mi létí. Mo bọ́ épírọ́ọ̀nù mi, mo fa Attilio lọ́wọ́ sọdá sí ọ̀dọ̀ Dókítà Nerina Pollet, tó ń tọ́jú gbogbo ìlú wa, Attilio sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìgò inú fíríìjì, ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ wíwú àti ọtí líle.

"Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló wú ni, àbí ọ̀kan?" dókítà bi í.

"Ọ̀kan ni."

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná, ó sì pọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀n, ẹ sì ń ra á? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Bí a ṣe ń yára lọ lójú ọ̀nà ló ń ṣàlàyé fún wa. "Àwọn tí kíndìnrín wọn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn, ni wọ́n ṣe oògùn yẹn fún. Bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé bá gbà á, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ki bí polenta, ọkà àgbàdo tí à ń rò. Ó wá lọ gun kẹ̀kẹ́ lóòrùn, ó làágùn, ẹ̀jẹ̀ tún ki sí i. Bó bá dì sínú ẹsẹ̀, tí ẹ wá ń fọwọ́ ra á, ó lè já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró."

"Ṣùgbọ́n ó yege àyẹ̀wò, Dókítà," Attilio wí.

"Bàbá Loris, wọ́n á fa omi sí iṣan kí àwọn ayẹ̀jẹ̀wò tó dé, ẹ̀jẹ̀ á sì fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àádọ́ta yẹn kò sọ pé ara rẹ̀ le. Ohun tó sọ ò ju pé wọn ò tíì lé e kúrò nínú eré."

A gbọ́ ọ kí a tó débẹ̀, láti ojú fèrèsé òkè: píì, píì, píì. Ẹ̀rọ náà ń ké, ẹnikẹ́ni ò sì dìde pa á. Ilde, ìyá Loris, dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgò ọtí lọ́wọ́. "Ẹ rọra," ó ní, "ó ń sùn ni."

Attilio fò kọjá lára rẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó sáré rí. Èmi àti dókítà ń gòkè tẹ̀ lé e. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà, mo sì ń gbọ́ ohùn bàbá: "Loris! Loris! Dákun, Loris!"

Nígbà tó yá, ohùn mìíràn dáhùn, ó tín-ín-rín. "Bàbá... èémí mi ò dé ìsàlẹ̀."

Dókítà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré. "Ilé ìwòsàn ni. Nísinsìnyí."

"Dókítà, lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n ń gba òkè wa kọjá!" Ọmọ náà ń gbìyànjú láti jókòó. "Bí mi ò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní òótọ́ ni. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ya abẹ́rẹ́ sábẹ́ orúkọ mi. Ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá tẹ ẹni tó yà á..."

"Èmi ni," bàbá rẹ̀ wí.



"Ẹ̀yin kẹ̀? Bàbá?"

"Èmi ni. Tó o bá fẹ́, kórìíra mi. Ẹni tó wà láàyè ló ń kórìíra bàbá rẹ̀."

Loris fi ìrọ̀rí bojú. Ó sunkún bí ìgbà tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ níwájú ilé kọfí mi. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó ní. "Mo máa ń bẹ̀rù àtisùn, Bàbá."

Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ilé ìwòsàn sọ fún wa pé bó bá wọ mọ́tò ẹgbẹ́ yẹn ni, tó jókòó ti ẹsẹ̀ náà títí dé òtẹ́ẹ̀lì, òkú ni wọn ì bá gbé bọ̀ wálé. Orí ló yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Tranquillo gbé ọ̀dà dúdú wá láti fi pa abẹ́rẹ́ náà rẹ́. Loris ránṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn eléré dé, wọ́n ń gun òkè náà kọjá lọ. Mo dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo sì rí wọn bí wọ́n ṣe ń wo abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Lọ́jọ́ yẹn, agogo ìjọ kò dún, kò sì sẹ́ni tó bèèrè wáìnì lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyàwó àti ọ̀rẹ́ àwọn eléré, ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tó bá yege àyẹ̀wò lè máa kú lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ń fi pamọ́ sẹ́yìn oúnjẹ kì í ṣe ìtọ́jú, ì báà jẹ́ dókítà ló fúnni. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń gbóná, tó sì ń dunni, ẹ má fọwọ́ ra á rárá, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí èémí ò bá délẹ̀, tàbí àyà ń dunni, ẹ má dúró wò ó di ọ̀la. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà nípa ohun tí ọmọ ń gbà, torí òótọ́ yẹn ni yóò fi mọ ìtọ́jú tó yẹ. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹ máa ra ọ̀dà pupa kí ẹ tó sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ náà, ká yéé bínú sí ẹni tó bá bèèrè ìbéèrè. Gildo ló bèèrè, àwa la ní kó gbẹ́nu dákẹ́.

Loris jẹ́wọ́ fún àwọn alákòóso eré, wọ́n sì gba ẹ̀wù aṣíwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kọfí mi, ó sì ti sanra díẹ̀. Lọ́sàn-án, bó bá jẹun tán, á sùn. Ilde sọ fún mi pé Attilio ṣì máa ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, á gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kankan kò ké níbẹ̀ mọ́. Híhan-run ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́.