Okùn Tó Wá Já

Orí àkàbà ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń so wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa, ó ní kí n bá òun di àkàbà mú. Mo dì í mú. Kí n má parọ́, ojú mi ò kúrò lára rẹ̀.

Ọdún méjì la fi fẹ́ra. Màmá mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ò bá a jà, àmọ́ wọn ò gbà fún un. "Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àjèjì," ni wọ́n máa ń wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá palẹ̀ mọ́, á bá wọn lọ."

Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ìjọba ṣòfin tuntun pé ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ mìíràn, kó sì máa jẹ́ kí ìjọba rí ohun tí àwọn oníbàárà ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ wọn ní àwọn ò lè ṣe é. Wọ́n kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà wọn pé tóṣù bá parí, ó parí. Wọ́n sì fún olólùfẹ́ mi níṣẹ́ lókè òkun.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Lọ́jọ́ kẹrin ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Olólùfẹ́, má bínú. Mò ń bọ̀ lọ́la wá já okùn wa."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo kó agbòòrùn rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ sínú báàgì. Màmá mi ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé wọ́n á ní ṣebí àwọn sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n kàn gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó.

Ó dé tòun ti àkàbà. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀ kọ́. O fẹ́ já ọmọ mi jù sílẹ̀, o tún gbé àkàbà dání?"

"Mà? Wáyà ni mo wá já. Okùn ilé-iṣẹ́ wa. Wọ́n ní ká kó gbogbo ẹ̀ padà."

Ojú tì mí. "Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́?" ni mo bi í. "O ò bá wọn lọ ni?"

"Kí n fi ẹ́ sílẹ̀ lọ síbo? Iṣẹ́ ni mò ń wá látọjọ́ yìí, mi ò fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́ òfo. Ilé-iṣẹ́ kan níbí tó ti gbàwé àṣẹ ti mú mi. Lọ́jọ́ Ajé, èmi náà ni màá wá so tiyín padà."

Màmá mi ń wò ó. "Kí wá ni 'má bínú' tó o kọ?"

"Torí ẹ ò ní rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò fún ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Àna mi, tètè gun àkàbà kóòrùn tó mú. Já tilé-iṣẹ́ yín. Ní ti ọmọ mi, sọ fáwọn òbí ẹ kí wọ́n wá rí mi."

Mo bá a di àkàbà mú.